Sítíárìn Ọkọ̀ Ìyá Àgbà

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ọkọ̀ ojú omi kan ń gbé nínú ọgbà wa ní Baṣọ̀run, níbi tí kò sí odò kankan nítòsí bí kò ṣe gọ́tà tó máa ń kún nígbà òjò. Abẹ́ páànù tó yẹ kí mọ́tò bàbá mi máa wà ni ọkọ̀ náà wà, lórí kẹ̀kẹ́ onírin tí wọ́n fi fà á wá. Mọ́tò fúnra rẹ̀ ń sùn níta, òjò ń pa á, ẹyẹ ń ṣu sí i lórí. Àwọn aládùúgbò sọ bàbá mi ní Bàbá Nóà. Bí òjò bá ti ṣú, ẹnìkan á yọrí lókè fẹ́ǹsì, á ní, “Bàbá Nóà, ṣé àyè tiwa wà níbẹ̀?” Bàbá mi á ní kí wọ́n lọ mú ewúrẹ́ méjì wá ná, akọ kan, abo kan. Wọ́n ti kun ọkọ̀ náà ní àwọ̀ ewé nígbà kan, ṣùgbọ́n oòrùn ti lá a títí ó fi dà bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀ jù. Ẹ́ńjìnnì wà ní ìdí rẹ̀, sítíárìn wà níwájú bíi ti mọ́tò, okùn irin kan tí wọ́n fi rọ́bà dúdú bò, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kébù, ló so àwọn méjèèjì pọ̀. Bí èèyàn bá yí sítíárìn níwájú, kébù á ti ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, ọkọ̀ á sì yà. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ní ọdún yẹn, kò yà.

Ìlàjẹ ni bàbá mi, ọmọ etí òkun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí iṣẹ́ olùkọ́ gbé wá sí Ìbàdàn. Físíìsì ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n sì gbà tọkàntọkàn pé kò sí ohun tó bàjẹ́ tí ìrònú kò lè tún ṣe. Ìyá wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ti wà lọ́dọ̀ wa láti ọdún tó ṣáájú. Wọ́n ṣubú lórí afárá onípákó ní abúlé wọn, eegun ìbàdí wọn ṣẹ́, ìyá mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì sì ní kí wọ́n máa bọ̀ ní Ìbàdàn wá gba ìtọ́jú. Eegun náà jinná, ṣùgbọ́n ó wọ́. Abúlé wọn wà lórí omi, kò sí títì tó dé ibẹ̀. Láti Igbókọ̀dá, ọkọ̀ ojú omi ni gbogbo èèyàn ń wọ̀, àwọn ọkọ̀ èrò sì ń sáré, wọ́n ń fò lórí ìgbì, pákó lásán ni èrò ń jókòó lé. Dókítà ní ìbàdí Ìyá Àgbà kò lè gba irú ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin kan ṣoṣo ló kù láyé, Màmá Orímisàn, ara wọn ò sì yá mọ́. Ohun tí Ìyá Àgbà ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run láàárọ̀ àti lálẹ́ kò ju kí wọ́n bá ẹ̀gbọ́n wọn láàyè. Nítorí rẹ̀ ni bàbá mi ṣe ra ọkọ̀ ògbólógbòó yẹn lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà ti sú, tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kan ìjókòó kan sí ìdí rẹ̀, nítòsí ẹ́ńjìnnì, torí wọ́n ní ìdí ọkọ̀ kì í fò tó iwájú. Tìmùtìmù wà lórí ìjókòó náà, ó ní ibi ìfẹ̀yìntì, ó ní ibi tí apá ń gbé lé. Wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta ha igi rẹ̀ kó lè dán. Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ dán wò ní Igbókọ̀dá, àwọn nìkan ni wọ́n wọ̀ ọ́, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run. Láàárín omi, sítíárìn há. Ọkọ̀ dorí kọ àwọn òpó tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀, díẹ̀ ló kù kó kọlù wọ́n kí bàbá mi tó pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n fà á padà sí Ìbàdàn lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní àwọn ò ní gbé ìyá tó bí àwọn sínú ọkọ̀ tí kò gbọ́ràn.

Èmi náà ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí, ní apá Challenge ni mò ń gbé, ariwo tó wà ládùúgbò mi kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohun tó ń rò. Síbẹ̀ bí mo bá dijú, ilé Baṣọ̀run ni mò ń gbọ́. Mò ń gbọ́ rédíò ìyá mi tó ń kọ orin ìsìn láàárọ̀, mò ń gbọ́ ọ̀pá Ìyá Àgbà lórí sìmẹ́ńtì, kọ́, kọ́, kọ́, bí wọ́n ṣe ń lọ wo ẹja wọn nínú àgbá tí wọ́n gé sí méjì tí wọ́n fi ń yan ẹja ní ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni ìyá mi, wọ́n máa ń ráhùn pé ilé àwọn ń rùn bí etí òkun, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣí ìkòkò. Púpùrú ni Ìyá Àgbà fẹ́ràn, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń yan lórí iná, wọ́n sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rò ó títí apá á fi máa ro mí. Èdè Ìlàjẹ ni wọ́n ń sọ, mo kàn ń tú u sí ti Ìbàdàn níbí ni, torí kí n má baà ṣì í kọ, kí ẹ̀mí wọn má sì bínú sí mi. Ní ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ mi ni láti gbé omi gbígbóná wá, kí n ki aṣọ ìnura bọ inú rẹ̀, kí n sì máa fi tẹ ìbàdí wọn. Wọ́n á máa sọ fún mi nípa omi. Wọ́n ní omi kì í bínú, èèyàn ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ ẹ́. Èmi nìkan ni àwọn òbí mi bí. Kí Ìyá Àgbà tó dé, bí mo bá ti ilé ìwé dé, kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́rùn mi ni mo fi ń ṣílẹ̀kùn, ilé á sì dákẹ́ débi pé mo lè gbọ́ tí fíríìjì ń mí. Nígbà tí wọ́n dé, ẹnìkan ń dá mi lóhùn láti inú yàrá kí n tó bọ́ bàtà. Èèyàn tí kò bá gbé ilé tó dákẹ́ rí kò ní mọ ohun tí mò ń sọ.

Bùrọ̀dá Múfú ni mẹkáníìkì tó ń tún mọ́tò bàbá mi ṣe ní Ring Road. Wọn ò rí òkun rí láyé wọn, wọn ò sì fi pamọ́. “Tíṣà,” ni wọ́n sọ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá wo ọkọ̀ náà, “sítíárìn ni sítíárìn ń jẹ́. Bó wà lórí títì, bó wà lórí omi, gírísì ló ń jẹ.” Ni àwọn àti bàbá mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ. Wọ́n tú sítíárìn níwájú, wọ́n fọ eyín inú rẹ̀ pẹ̀lú kẹrosíìnì, wọ́n fa kébù jáde, wọ́n fi gírísì pa á láti orí dé ìdí, wọ́n tún gbogbo rẹ̀ dè. Ọgbà wa kún fún sípánà. Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun kan níbí, torí òun ni wàhálà náà dá lé. Irú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeé gbé sókè, ó ṣeé sọ̀ kalẹ̀. Lórí omi, ńṣe ló máa ń wà nísàlẹ̀, kí abẹ tó ń yí ní ìdí rẹ̀ lè máa wa omi. Nílé wa, bí wọ́n bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, abẹ náà á gún sìmẹ́ńtì, nítorí náà wọ́n gbé e sókè, wọ́n fi okùn so ó, ó sì wà bẹ́ẹ̀ bí ìrù adìyẹ. Báyìí ni wọ́n ṣe ń dán sítíárìn wò lójoojúmọ́, ó sì ń yí wẹ́rẹ́. Ọmọńdinrín mi ni mo fi ń yí i. Bùrọ̀dá Múfú nuwọ́, wọ́n ní ó ti sẹ́tì. Wọ́n fa ọkọ̀ lọ sí adágún ńlá kan tí ọ̀rẹ́ bàbá mi fi ń sin ẹja lẹ́yìn Mọ́níyà, wọ́n tì í sómi. Kò rìn jìnnà tó fi há. Wọ́n gbé e wálé, wọ́n tún fún un ní gírísì, ó tún ń yí wẹ́rẹ́. Wọ́n padà sí Mọ́níyà, ó tún há, ọkọ̀ ń yí po lójú kan náà bí ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀. Bùrọ̀dá Múfú, tí wọn ò mọ̀ wẹ̀, di ẹ̀wù bàbá mi mú títí bọ́tìnnì méjì fi já. Nígbà tí wọ́n dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá mi wo ẹ̀wù náà, wọn ò béèrè ohunkóhun, wọ́n lọ mú abẹ́rẹ́.

Ìyá Àgbà ló béèrè. Wọ́n ń jẹun lórí àga wọn ní ọ̀ọ̀dẹ̀, bàbá mi jókòó sílẹ̀ níwájú wọn bí ọmọ tó gba òdo ní ilé ìwé.

“Lórí omi, báwo ni ẹ́ńjìnnì yẹn ṣe ń dúró?”

“Ìsàlẹ̀ ló máa ń wà, Ìyá mi.”

“Nílé ńkọ́?”

“Nílé, a gbé e sókè.”

Ìyá Àgbà yọ egungun ẹja lẹ́nu, wọ́n fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. “Bí mo bá jókòó, ìbàdí mi kì í dùn mí. Ìgbà tí mo bá dìde ló ń dùn mí. Ta ló máa jókòó tì mí lórí àga kó sọ pé òun ti wo ìbàdí mi sàn?”

Mo rántí bí ojú bàbá mi ṣe rí. Ọkùnrin tó fi ogún ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní físíìsì! Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì tètè tán. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyẹn ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn àti Bùrọ̀dá Múfú ti ọkọ̀ náà kúrò lórí sìmẹ́ńtì lọ sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì, níbi tí ìyá mi gbin ẹ̀fọ́ ṣọkọ sí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò sí ìdí rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè rí ibi tí yóò sọ̀ kalẹ̀ sí bíi pé orí omi ló wà. Ìyá mi jáde sí wọn pẹ̀lú síbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ti ẹ̀fọ́ kọ́ ló kọ́kọ́ dùn wọ́n. “Bàbá Ẹ̀bùn,” ni wọ́n sọ, wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀, “ẹ ń gbẹ́ kòtò sínú ọgbà tí àgbàlagbà tí ara ò le ń gbé. Kí lẹ fẹ́ kí àwọn aládùúgbò máa sọ?” Bàbá mi gbára lé ọkọ́. Ìyá Àgbà, tí etí wọn mú ju bí a ṣe rò lọ, dáhùn láti ọ̀ọ̀dẹ̀. “Ìyàwó mi, fọkàn balẹ̀. Kòtò yẹn ò gùn tó mi. Ẹsẹ̀ mi á yọ síta.” Ìyá mi kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì padà sí ìdí ọbẹ̀ wọn. Nígbà tí kòtò jìn tó orúnkún bàbá mi, wọ́n tú okùn, ẹ́ńjìnnì sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀. Bàbá mi lọ síwájú, wọ́n yí sítíárìn. Ó há gbagidi. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i tí àgbà méjì ń bọ ara wọn lọ́wọ́ pé nǹkan kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Wọ́n tú kébù kúrò lára ẹ́ńjìnnì láti mọ ẹni tó jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì nìkan, wọ́n fi ọwọ́ tì í lọ sọ́tùn-ún sósì, ó ń lọ fàlàlà. Kébù nìkan, wọ́n yí sítíárìn, ó ń wọlé ó ń jáde. Wọ́n so wọ́n pọ̀ padà, ó há. Bùrọ̀dá Múfú fi ọwọ́ tó kún fún gírísì họ orí, wọ́n ní kébù náà ló ti gbó, pé ó kàn ń tan àwọn jẹ ni, àfi kí àwọn wá tuntun. Gbogbo àkókò yìí, èmi wà níbi tí mo fẹ́ràn jù nínú ọkọ̀ náà, abẹ́ ìjókòó Ìyá Àgbà. Àyè tó wà níbẹ̀ kò gba àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ó gba ọmọ ọdún mọ́kànlá tó tínrín pẹ̀lú ìwé ìtàn kan. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn ni, mo sì lè fi gbogbo ọjọ́ kàwé níbẹ̀. Bàbá mi yí sítíárìn lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì rí i. Kébù gba ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ìjókòó náà kọjá lọ sídìí ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà lókè, kébù rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kò fara kan nǹkan kan. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó fa kébù mọ́ra, ẹsẹ̀ igi ìjókòó sì tẹ̀ ẹ́ gbagidi, ó ká a bí ìgbà tí èèyàn bá ká rọ́bà omi kí omi má lè kọjá. Mo ki ìka bọ àárín wọn, ó fún un débi pé mo fà á yọ kíákíá. Kì í ṣe kébù ló gbó. Ìjókòó tí bàbá mi fi ìfẹ́ kàn fún ìyá wọn ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ yà. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbàlagbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò ní rí i. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa ọmọdé tó wà lábẹ́ ìjókòó.

Mo la ẹnu láti pe bàbá mi. Ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n mi. Ìgbà náà gan-an ni mo gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà láti ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀. “Ọjọ́ tó bá ti ṣe, ọjọ́ kejì ni mo ń lọ. Mi ò sì ní padà wá mọ́, ìyàwó mi. O ti tọ́jú mi dáadáa, Ọlọ́run á tọ́jú ìwọ náà. Ṣùgbọ́n ilé làbọ̀ ìsinmi oko.” Mo ti rò pé wọ́n fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn ni, kí a sì jọ padà wálé. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé àlọ láìsí àbọ̀ ni. Mo pa ẹnu mi dé. Mo ṣí ìwé mi, mo sì wo ojú ewé kan náà títí wọ́n fi ní kí n jáde wá jẹun.

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi dákẹ́. N kò ní purọ́ fún yín pé inú mi kò dùn ní ọjọ́ mẹ́fà yẹn. Mo tẹ̀lé Ìyá Àgbà káàkiri bí òjìji, mo gbé omi gbígbóná wá kí wọ́n tó béèrè, mo bá wọn yan ẹja, mo sì ní kí wọ́n tún àwọn ìtàn kan sọ tí mo ti mọ̀ lórí. Bàbá mi lọ sí Èkó ní Ọjọ́bọ̀ láti wá kébù tuntun. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí wọ́n tó dé, ẹsẹ̀ wọn wú, ọwọ́ wọn ṣófo, wọ́n ní wọ́n sọ fún àwọn ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù pé irú ọkọ̀ yẹn ti dàgbà jù, wọn kì í ṣe kébù rẹ̀ mọ́. Èmi ni mo gbé omi tí wọ́n fi wẹ ẹsẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní, “O ṣé, ọmọ dáadáa,” n kò sì lè wo ojú wọn. Ní Ọjọ́ Ẹtì, Màmá Orímisàn pè lórí fóònù. Nẹ́tíwọọ̀kì abúlé wọn kò dára, wọ́n ní láti wa ọkọ̀ jáde sí gbangba kí wọ́n tó lè pè, nítorí náà Ìyá Àgbà mọ̀ pé ẹnìkan ló gbé arúgbó náà sínú ọkọ̀ nítorí ìpè yẹn. Ohùn wọn tín-ín-rín bí ohùn ọmọ ọwọ́. “Ṣé o ti ń bọ̀?” ni wọ́n ń wí. “Ọkọ̀ ò tíì gbọ́ràn,” ni Ìyá Àgbà fèsì. “Ẹ dúró dè mí.” Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo di etí aṣọ wọn mú, mo sì ń sọ fún ara mi pé lọ́la ni n ó sọ.

Ohun tó ṣí mi lẹ́nu ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Láti ìgbà tí bàbá mi ti ra ọkọ̀ ni Ìyá Àgbà ti di ẹrù wọn sínú àpótí kan, àpótí náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, bíi pé ẹnìkan fẹ́ wá gbé e nígbàkúùgbà. Ní ọ̀sán yẹn mo wọlé, mo bá wọn lórí ibùsùn, wọ́n ṣí àpótí sílẹ̀. Wọ́n ń yọ aṣọ wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń nà á, wọ́n sì ń tò ó padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù wa. Wọn kò sunkún. Ìbá sàn fún mi ká ní wọ́n sunkún. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ẹ̀bùn, ràn mí lọ́wọ́ ká ká èyí.” Mo bá wọn ká a. Mo ti rò pé ọ̀dọ̀ mi ni mo dá wọn dúró sí, àṣé inú àpótí ṣíṣófo ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí bàbá mi tó fọ ẹnu tán, mo lọ bá wọn níbi ẹ̀rọ omi. Mo ní, “Dádì, igi ẹsẹ̀ ìjókòó yẹn ló ń tẹ kébù.” Wọ́n tu ọṣẹ ìfọyín sílẹ̀, wọ́n tẹ̀lé mi. Wọ́n dùbúlẹ̀ lórí ikùn nínú ọkọ̀, wọ́n na tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ ìjókòó, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ayùn wá, wọ́n gé ẹsẹ̀ igi náà, wọ́n sì kan òmíràn sí ibi tó jìnnà sí kébù. Wọ́n yí sítíárìn. Nínú kòtò, ẹ́ńjìnnì yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, láìjanpata. Bàbá mi jókòó sórí ìjókòó náà, wọ́n bojú. “Èmi gan-an ni,” ni wọ́n ń sọ. “Ọwọ́ ara mi ni.” Wọn ò béèrè ìgbà tí mo rí i. Wọ́n rò pé àárọ̀ yẹn ni, mo sì jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kejì gan-an ni a lọ. Ìyá mi dúró lẹ́nu géètì, wọ́n ń fi etí ìró nu ojú, wọ́n ní eruku ni. Ní Igbókọ̀dá, bàbá mi yí sítíárìn bí ìgbà ogún kí wọ́n tó jẹ́ kí a wọlé. Ìyá Àgbà jókòó sí ìdí ọkọ̀ bí ọba tó ń wo ìlú rẹ̀, wọ́n sì ń fi ọ̀pá tọ́ka: ibí ni wọ́n ti ń dẹ àwọ̀n, ibí ni wọ́n ti kọ́ bàbá mi ní wíwẹ̀. Gbogbo ibi tí omi bá ti yà ni ọkọ̀ ń yà. Nígbà tí a sún mọ́ abúlé, arúgbó kan wà lórí àga níwájú ilé onípákó kan, wọ́n fi aṣọ wé e dé ọrùn. Ìyá Àgbà pe orúkọ kan tí n kò gbọ́ rí, orúkọ tí ẹ̀gbọ́n wọn ń jẹ́ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Arúgbó náà gbé orí sókè, ó sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n di ara wọn mú, omi ń gbo ẹsẹ̀ ilé nísàlẹ̀. Inú mi dùn, ó sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ kẹta ni èmi àti bàbá mi padà, ìjókòó tó wà lẹ́yìn wa ṣófo, n kò sì fẹ́ jókòó lé e.

Ọjọ́ kẹsàn-án tí a gbé Ìyá Àgbà dé abúlé ni Màmá Orímisàn sùn tí wọn ò jí mọ́. Gbogbo ilé wa ń dúpẹ́ pé wọ́n bá ara wọn. Bàbá mi dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi dúpẹ́, wọ́n sì ń sọ fún gbogbo èèyàn pé Ẹ̀bùn ló rí ohun tí mẹkáníìkì ò rí. Èmi ń ṣírò. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà fi jọ wà. Ìbá jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìṣirò náà kò ṣòro, ṣùgbọ́n n kò lè ṣe é tán. Mo gbé e wọ ilé ìwé, mo gbé e sùn, mo gbé e títí di ìsinmi Kérésìmesì tí bàbá mi fi ọkọ̀ yẹn gbé mi lọ kí Ìyá Àgbà. Ọjọ́ tí a dé náà, wọ́n ń fi iyọ̀ pa ẹja lẹ́nu ọ̀nà, mo jókòó tì wọ́n, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti abẹ́ ìjókòó, mo sọ ohun tí mo gbọ́ láti ọ̀ọ̀dẹ̀, mo sọ ti fóònù. Wọn ò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n pa ẹja tó kù níyọ̀ tán kí wọ́n tó wò mí.

“Ọjọ́ mélòó?”

“Mẹ́fà, Ìyá Àgbà.”

Wọ́n mi orí. “Mo bínú sí ọ, Ẹ̀bùn. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé mi ò bínú. Ọjọ́ mẹ́fà lo gbà lọ́wọ́ mi, ọjọ́ mẹ́fà ni n ó fi bínú.”

Wọ́n sì bínú náà. Wọ́n ń gbé oúnjẹ fún mi, wọ́n ń yan ẹja tó dára jù sínú àwo mi, wọ́n ń fi aṣọ bò mí bí afẹ́fẹ́ òkun bá tutù, ṣùgbọ́n wọn kò bá mi sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Bí mo bá kí wọn, wọ́n á mi orí. Bàbá mi béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, Ìyá Àgbà ní ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì ni, kí wọ́n lọ tún àwọ̀n ṣe. N kò tíì mọ bí ọjọ́ mẹ́fà ṣe gùn tó, àfi ìgbà tí wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ hàn mí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ keje, mo jókòó lórí pákó níwájú ilé, mò ń wo omi. Wọ́n wá jókòó tì mí, ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó rí ibi tí ìbàdí wọn máa gbà.

“Kí lo jẹ láti ọjọ́ yìí?” ni wọ́n béèrè.

Mo ní, “Oúnjẹ tí ẹ ń gbé fún mi ni, Ìyá Àgbà.”

“Mo mọ̀,” ni wọ́n sọ. “Ohùn rẹ ni mo fẹ́ gbọ́.”